Ẹyin Méjì Láràárọ̀

Ní àkókò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Àfúsá orogún mi ṣì wà láyé. Ìyá Mọ́ṣúdù tó ń ta ọṣẹ dúdú lẹ́nu ọ̀nà wa náà wà láyé, àti lèmọ́mù àgbà tó máa ń kọ́kọ́ wúkọ́ kó tó pe ìrun. Ọkọ wa, Alàájì Láwàlì, ti lọ ní tiẹ̀, ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún. Àwa obìnrin méjì tó fi sílẹ̀ la kù nínú ilé náà ní Kẹ́mta. Èmi Kùdírátù, ìyáálé, wà ní iwájú, Àfúsá wà ní ẹ̀yìn. Ìkòkò méjì, ààrò méjì.

Iyọ̀ ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe Alàájì, dókítà ní kò gbọ́dọ̀ jẹ iyọ̀ mọ́. Èmi ń se ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ fún un, ó ń wò ó bí ẹni wo omi ìfọṣọ. Àánú rẹ̀ ṣe Àfúsá, ó ń bu iyọ̀ sí i ní kọ̀rọ̀. Alàájì kú. Ní ọjọ́ kẹjọ àdúrà, lójú gbogbo ẹbí, mo ní ọwọ́ tó bu iyọ̀ ni ọwọ́ tó pa á. Àfúsá dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ohun tó bá ti inú ìkòkò mi jáde kò ní kan òun lẹ́nu. Kò sì kàn án. Èmi náà ò tẹ ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ mọ́. A ń kíra o, a tilẹ̀ ń sọ òkò ọ̀rọ̀ síra wa láti ẹ̀yìnkùlé. Oúnjẹ nìkan ni kò pa wá pọ̀.

Ọmọ ọmọ mi ni Ọládiméjì, ọmọ mi ọkùnrin tó ti kú ló bí i. Mọ́tò Èkó ló ń wà ní Kútò. Àwọn awakọ̀ ló kọ́ ọ ní tírámádọ̀lù, kó má baà sùn lójú ọ̀nà, kí ẹ̀yìn má baà dùn ún, kó lè pẹ́ lórí obìnrin. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo gbọ́ ibi tó padà já sí. Ó gbé e láti ọ̀kan dé mẹ́wàá lóòjọ́. Ó ta ògidì adìrẹ mi mẹ́jọ, ó ta yẹtí wúrà tí Alàájì rà fún mi. A gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú wọn, ó lo oṣù márùn-ún níbẹ̀. Ó jáde, kò lo òògùn mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó jáde náà rọ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìdí rẹ̀ kò ní kúrò lójú kan.

Ummulkulthum ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ ní Kútò, ló wá bá mi ní ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀.

"Kí ló dé, Ummu?"

"Ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ náà ń tì mí lójú."

"Sọ ọ́. Ọmọ mẹ́fà ni mo bí. Kò sí ohun tó ń jẹ́ ìtìjú lára mi mọ́."

Ó wo ilẹ̀. "Láti ìgbà tó ti dé, bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò la ṣe ń sùn. Bí mo bá sún mọ́ ọn, omi ni yóò bọ́ lójú rẹ̀."

Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà. Mo ní a ti gba ọmọ yìí lọ́wọ́ òògùn tán, kí ló tún kù. Mo tẹ̀ lé àwọn méjèèjì lọ sọ́dọ̀ dókítà. Obìnrin kékeré ni, Adépéjú ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ẹ̀gbá ni. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ Diméjì, wọ́n ní ká padà wá. Nígbà tí a padà, ó pe orúkọ gígùn kan tí ẹnu mi ò gbà.

"Màmá, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin tó ń fún un ní okun, tó ń jẹ́ kí obìnrin wù ú, tó ń jẹ́ kó fẹ́ dìde ní òwúrọ̀. Òògùn tó ń lò ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò kú. Ó sùn ni."

"Kò sí abẹ́rẹ́ tí ẹ lè fi jí i?"

"Abẹ́rẹ́ wà. Ṣùgbọ́n tí mo bá gún un báyìí, ó lè dí ọ̀nà ọmọ. Ṣebí wọ́n ṣì ń fẹ́ bímọ? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi oúnjẹ àti iṣẹ́ ara jí i. Ó máa ń pẹ́ o. Ẹ má retí rẹ̀ lọ́la."

Ó wá kọjú sí Diméjì. Ó ní ẹyin méjì láràárọ̀, ẹja lọ́sàn-án, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kó má wọ́n lójú abọ́ rẹ̀. Kó rìn lójoojúmọ́ títí yóò fi làágùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kó ṣe iṣẹ́ tó wúwo, tí apá àti ẹ̀yìn yóò fi mọ̀ pé iṣẹ́ wà. Kó sùn kí aago mẹ́wàá tó lù. Kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ọtí, kò sì gbọ́dọ̀ ra àgbo okun tí wọ́n ń polówó ní gáráàjì, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n rẹ sínú rẹ̀.

"Làfún ńkọ́?" ni mo bi í.

"Kó dín in kù, Màmá. Kó má ju ìkúùkù rẹ̀ lọ."

"Dókítà, ọmọ Ẹ̀gbá ni o."

"Èmi náà ọmọ Ẹ̀gbá ni. Mo ti dín tèmi kù."

Ọ̀rọ̀ ẹyin yìí ló wá há mi lọ́fun. Láyé tiwa, a kì í fún ọmọdé lẹ́yin jẹ. A ní ọmọ tó bá mọ adùn ẹyin, olè ni yóò yà. Bí mo ṣe tọ́ Diméjì nìyẹn. Ṣùgbọ́n Àfúsá máa ń bọ ẹyin fún un lẹ́yìn ilé ìdáná, mo sì ká wọn mọ́ ọn, mo kó èèpo ẹyin náà lọ fi han Alàájì. Ìgbà tí Diméjì wá ta wúrà mi, mo dúró láàárín ẹ̀yìnkùlé, mo ní, "Àfúsá, jáde wá wo iṣẹ́ ẹyin rẹ."

Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbé ẹyin kaná, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni Àfúsá jókòó sí.

"Ìyáálé mi, kí lẹ̀ ń sè?"

"Iṣu."

"Iṣu tó ń kan ara wọn kó-kó-kó nínú omi?"

"Dókítà ló ní kí n sè é."

"Háà. Dókítà náà ti fẹ́ sọ ọmọ yín dolè."

Mo wọlé, mo ti ìlẹ̀kùn. Ká sọ òótọ́, ẹ̀rín pa mí nínú ilé.

Iṣẹ́ tó wúwo kò jìnnà. Ní ìsàlẹ̀ òkè wa, wọ́n ń lu aṣọ. Bí wọ́n bá pa aṣọ láró tán, tí wọ́n ti rẹ ẹ́ sínú ẹ̀kọ, tó gbẹ, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ìtì igi tó dán, ọkùnrin méjì á máa fi òòlù onígi lù ú lọ́tùn-ún lósì títí aṣọ yóò fi máa kọ mànà. Àwọn ọ̀dọ́ ò fẹ́ ṣe é mọ́, áyọ́ọ̀nù ni wọ́n ń lò. Theophilus, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, ló ni ibẹ̀. Mo mú Diméjì lọ bá a.

"Dẹrẹ́bà," Theophilus sọ fún un, "aṣọ ni o. Kò ní bú ẹ, kò ní gba owó lọ́wọ́ ẹ. Lù ú."

Diméjì gbé òòlù. Ó ń lu aṣọ bí ẹni ń tọrọ gáfárà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bó bá kírun àárọ̀ tán, yóò fẹsẹ̀ rìn láti Kẹ́mta dé Kútò, yóò rìn padà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ní gáráàjì a máa pè é, wọ́n á na ìgò sí i, wọ́n á ní òògùn okun nìyí, láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, ìyàwó rẹ yóò máa sá fún ọ. Kò gbà á. Bó bá dé, màá gbé ẹyin rẹ̀ fún un nínú àwo, yóò kó o lọ, nítorí ọkùnrin tó níyàwó kì í jẹun níwájú ìyá rẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Ummu ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní tiẹ̀. Lọ́sàn-án, màá bu ẹja àti ẹ̀fọ́ sínú kúlà fún un. Àwo máa ń padà bọ̀, mímọ́ tónítóní.

Oṣù mẹ́ta pé. A padà lọ fa ẹ̀jẹ̀. Dókítà wo ìwé náà pẹ́.

"Ohun tó sùn yẹn kò kúrò lójú kan," ó ní. "Ó tún fi kílò mẹ́rin rù sí i. Màmá, ṣé ó ń jẹ oúnjẹ tí mo sọ?"

"Mo fi Kùránì búra. Ọwọ́ mi ni mo fi ń gbé e fún un."

Diméjì ń wo bàtà rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Theophilus dá mi dúró lójú ọ̀nà mọ́sálásí. "Ìyá, mi ò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ o. Àmọ́ ọwọ́ Diméjì máa ń gbọ̀n bó bá di aago mẹ́wàá. Lánàá, òòlù já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Òógùn tútù bò ó."

Ọwọ́ gbígbọ̀n. Òógùn tútù. Mo mọ àwọn méjèèjì dáadáa, mo ti fi ọdún méjì wò wọ́n lára rẹ̀. Mo dé ilé, mo tú àpò ṣòkòtò rẹ̀, mo gbé tìmùtìmù rẹ̀ sókè, mo tú inú bàtà. N ò rí nǹkan kan. Àìrí yẹn ló tún jẹ́ kí n gbà á gbọ́ sí i, nítorí ẹni tó ń lò ó mọ bí a ṣe ń fi í pamọ́.

Bàbá Ummu ní Ìgbẹ̀ìn ti sọ ọ́ létí gbogbo wa ní ọjọ́ tí Diméjì jáde. Ó ní òun dárí jì í lẹ́ẹ̀kan, bó bá tún padà sídìí òògùn, ọmọ òun kò ní sun ilé náà mọ́jú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ṣì sọ fún Ummu.

"Ṣé ẹ rí i lọ́wọ́ rẹ̀, Ìyá àgbà?"

"N ò rí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n."

Kò sunkún. Ó ká aṣọ rẹ̀ sínú àpò méjì, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kékeré rẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó lọ. Nígbà tí Diméjì dé láti ibi iṣẹ́, ó wo ibi tí aṣọ ìyàwó rẹ̀ máa ń wà.

"Ìyá àgbà, ẹ̀yin lẹ bá a sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni. Bó o bá ń lò ó, sọ fún mi."

"N ò lò ó."

"Kí ló wá ń gbọ̀n ẹ́ lọ́wọ́?"

Ó ní, "Ó dáa, mà," ó sì lọ dùbúlẹ̀. Ìbá bá mi jà, ìbá sàn fún mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo tún bọ ẹyin, nítorí ó ti mọ́ mi lọ́wọ́. Ó gba àwo náà. Mo dúró lẹ́bàá fèrèsé, mo rí i pé kò yà sí yàrá rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà. Mo tẹ̀ lé e, orúnkún mi kò sì yá, n ò tètè dé ibẹ̀. Bí mo ṣe dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo gbọ́ ohùn láti inú yàrá Àfúsá.

"Ẹ lanu, Ìyá kékeré."

"Ìwọ ńkọ́? O ti jẹ tìẹ?"

"Mo ti jẹ."

"Ṣé èmi lò ń parọ́ fún? Ikùn ẹ ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta."

"Ẹ̀ bá jẹ ẹ́ kó tó tutù."

Mo gbé kọ́tìnnì. Ọdún mọ́kàndínlógún ni n ò ti wo inú yàrá yẹn. Orí ẹní ni Àfúsá wà. Ó ti tán. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kò ju igi ọmọorógùn lọ, ikùn rẹ̀ nìkan ló ga. Ní igun yàrá, aláǹtakùn ti takùn bo sítóòfù rẹ̀. Mo rántí pé ó pẹ́ tí n ò ti gbọ́ kó sọ òkò ọ̀rọ̀ sí mi láti ẹ̀yìnkùlé. Mo ti rò pé ìgbéraga ni.

Àfúsá ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Ẹ wọlé, Ìyáálé mi. Àga ni kò sí."

Diméjì ti dìde. "Ìyá àgbà, ẹ má bá a jà. Mo sọ fún un pé Kútò ni mo ti ń rà á. Kò mọ̀."

"Kútò wo?" ni Àfúsá wí. "Ta ni ní Kútò tó ń fi ewé ẹ̀fínrín sẹ́ja báyẹn? Ọmọ yìí mà gọ̀ o. Bí mo ti fi í sẹ́nu lọ́jọ́ kìíní ni mo ti mọ ọwọ́ ìyáálé mi."

"O mọ̀, o sì ń jẹ ẹ́?" ni mo bi í.

"Ebi ń pa mí."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mo gbọ́ ìyókù lẹ́nu Diméjì. Àìsàn inú ló ń ṣe Àfúsá. Wọ́n ti sọ fún un nílé ìwòsàn pé ó ti pẹ́ jù, iṣẹ́ abẹ kò lè ṣe nǹkan kan. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tó wà l'Ékòó, kò jẹ́ kí wọ́n sọ fún un. Diméjì nìkan ló mọ̀, Àfúsá sì ti mú kó búra pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Bí mo bá sọ fún yín," Diméjì wí, "ẹ ó gbé oúnjẹ wá. Bí ẹ bá fọwọ́ ara yín gbé e wá, kò ní gbà á, nítorí ohun tó sọ lójú ẹbí. Èmi rò ó pé tèmi lè dúró."

"Ẹyin tí dókítà ní kó o jẹ."

"Òun ló kọ́kọ́ fún mi lẹ́yin, Ìyá àgbà."

Mo ti fi ẹnu kan náà sọ Àfúsá di apani, mo tún fi sọ ọmọ yìí di olóògùn, àwọn méjèèjì ló sì jẹ́ pé wọ́n ń fún ẹni tó ń ṣàìsàn lóúnjẹ ni.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹyin mẹ́rin ni mò ń bọ̀. Yàrá Àfúsá ni a ti ń jẹ ẹ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì ń wo ọ̀fun Diméjì kí n rí i pé ó gbé e mì. Lọ́jọ́ kan, Àfúsá tọ́ ọbẹ̀ wò, ó wo ojú mi, ó ní, "Ìyáálé mi, ẹ bá mi fi iyọ̀ díẹ̀ sí i." Mo dìde, mo bu ú wá, mo fi sí i. Kò sí ẹni tó dárúkọ Alàájì.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìgbẹ̀ìn. Bàbá Ummu gbà mí dáadáa, ó fún mi ní àga. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ìyá, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin lẹ ní ó ń lò ó. Ẹ̀yin náà lẹ dé, tẹ́ẹ ní kò lò ó. Èwo ni ká gbà nínú méjèèjì?"

"Ẹ gba èyí tó gbẹ̀yìn."

"Ẹ jẹ́ kí tẹ́ẹ̀sì bá wa sọ ọ́."

Ummu gbé omi wá fún mi lórí ìkúnlẹ̀. Ó gba ife padà, ó wọlé. N kò lè dá a lẹ́bi.

Oṣù mẹ́ta mìíràn. Èmi ò lè ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ mi rìn láàárín ààrò iwájú àti yàrá ẹ̀yìn. Bí Àfúsá ṣe ń joro, bẹ́ẹ̀ ni èjìká Diméjì ń kún. Theophilus ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá mú ọmọ mi, ó fẹ́ la ìtì igi òun sí méjì. Ìgbà tí a lọ fa ẹ̀jẹ̀, Dókítà Adépéjú rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ohun tó sùn yẹn ti ń jí, kò tíì dé ibi tó yẹ kó dé, ṣùgbọ́n ó ti kúrò lójú kan. Ó ní ìtọ̀ rẹ̀ náà mọ́, kò sí òògùn kankan níbẹ̀. Ká tẹ̀síwájú.

Diméjì kò wọ kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ ló fi rìn dé Ìgbẹ̀ìn, ó mú ìwé náà dání. Bàbá ìyàwó rẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó nà án sí ọmọ rẹ̀. Ummu ní òun ti gbọ́, òun yóò rò ó.

"Kí lo sọ fún un?" mo bi Diméjì nígbà tó dé.

"Mo ní kó fara balẹ̀ rò ó. Kì í ṣe òun ló jẹ gbèsè."

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn jẹ́ Àtàláátà. Mo gbé ẹyin wá, Àfúsá kò la ẹnu. Ó fi ọwọ́ ti àwo náà sọ́dọ̀ Diméjì. Diméjì ní kó jọ̀ọ́, ìdajì péré. Ó mi orí. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó ní, "Ìyáálé mi, ẹ lọ sinmi. Ó ti rẹ̀ yín." Mo ní kò rẹ̀ mí. Irọ́ ni mo pa. Kí oòrùn tó ga, ó ti dákẹ́. Diméjì ló pa ojú rẹ̀ dé.

A tẹ ọmọ rẹ̀ láago ní Èkó. N ò mọ ẹni tó sọ ọ́ dé Ìgbẹ̀ìn. Bí a ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí wẹ̀ ẹ́, Ummulkulthum wọlé, ó ti ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ jókòó, ẹ máa sọ bí a ó ṣe ṣe é." Òun ló gbé orí Àfúsá lé apá, tó ń rọra da omi sí i. Ilẹ̀ Kẹ́mta kì í ṣe ilẹ̀ tí à ń fi ọkọ́ lásán wà, òkúta ni. Diméjì ló di irin tí wọ́n fi gbẹ́ sàréè mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ọkùnrin yòókù ń pààrọ̀ ara wọn, òun kò gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí àwọn ọkùnrin dé láti ibi ìsìnkú. Àwọn èèyàn ti ń tú ká. Ummu rí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, erùpẹ̀ dé orí irùngbọ̀n rẹ̀.

"Kí lo jẹ látàárọ̀?"

"N ò tíì jẹ."

Ummu gba iwájú mi kọjá sí ilé ìdáná, mo gbọ́ tó ṣí ìkòkò, mo gbọ́ tó ń fẹ́ná. N ò mọ ohun tó ń sè. Ó ti rẹ̀ mí kọjá kí n dìde lọ wò ó. Orí ẹní Àfúsá ni mo sùn lọ́jọ́ tó kú yẹn.